Kì í ṣe "àfúnpọ̀", "sísẹ́" ni: lórí orúkọ tó yẹ ká fún orin MP3

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ọ̀fà dábàá pé ká máa pe fáìlì MP3 ní "orin àfúnpọ̀", ẹlòmíì fèsì pé "orin dídì" ló dáa jù, àti pé ká pe kbps, ìyẹn iye dátà tí orin ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ní "ìyára". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ mi ò gbà, torí orúkọ tá a bá fún nǹkan yìí ló máa sọ bí àwọn èèyàn á ṣe máa lò ó.

Ẹ lọ wo àwọn ọmọ tó ń kó orin sí mẹ́mọ́rì fún èèyàn ní òpópónà Táíwò níbí ní Ìlọrin. Kọ́sítọ́mà á mú orin dadakúàdà kan wá, 128 kbps, á ní kò dún dáadáa, ọmọ yẹn á ju fáìlì náà sínú sọ́fítíwià, á tẹ 320, fáìlì á wú ju ìlọ́po méjì lọ, á sì gbowó lé e. Àwọn méjèèjì gbà tọkàntọkàn pé àwọn ti tú orin ọ̀hún sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé irú èrò tí "àfúnpọ̀" máa fún èèyàn nìyẹn? Ohun tá a bá fún pọ̀, tá a bá tú u, ṣebí ó yẹ kó padà sí bó ṣe wà ni. Ìyẹn bá fáìlì ZIP tí wọ́n fi ń di fáìlì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mu, ó bá FLAC, irú fáìlì orin míì, náà mu, torí FLAC kì í sọ ohunkóhun nù. MP3 ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Karlheinz Brandenburg àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì wo bí etí èèyàn ṣe ń gbọ́ràn: ohùn ńlá máa ń bo ohùn kékeré tó wà nítòsí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Sọ́fítíwià á wá ṣírò èyí tí etí ò ní mọ̀ pé ó lọ, á dà á nù pátápátá. Orin ìṣẹ́jú 5 lórí sídíì, ní 1,411 kbps, máa ń tó nǹkan bíi MB 53, tó bá di MP3 128, kò ní pé MB 5.

Tí wọ́n bá dà á nù jù, etí á mọ̀. Ẹ wá orin tó ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ ní 64 kbps. Ìlẹ̀kẹ̀ tó yẹ kó máa gbá igbá wàràwàrà á ti di ariwo ṣúẹ́ṣúẹ́ kan ṣoṣo, ẹnu kọ̀ǹgọ́ lára awọ gángan náà á sì kú.

Ìdí tí mo fi mú "orin sísẹ́" wá nìyẹn, bá a ṣe ń sẹ́ ògì. Omi ògì kọjá nínú asẹ́, èérí dúró, wọ́n kó o fún ewúrẹ́. Kò sí bó o ṣe máa ro ògì yẹn tí èérí á padà wọnú ẹ̀, tó o bá bu omi lé e, ó pọ̀ sí i lóòótọ́, ohun tí 320 tí ọmọ Táíwò yẹn tẹ̀ ṣe gan-an nìyẹn. Ẹnì kan lè ní sísẹ́ tún jẹ́ kéèyàn sẹ́ ọ̀rọ̀, àmọ́ ta ló ń sẹ́ orin? Èdè wa kún fún irú ẹ̀.

Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, ìmọ̀ràn á rọrùn: ẹ má tún ohun tí wọ́n ti sẹ́ sẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé káàsẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ gbà á sí WAV (fáìlì orin tí wọn ò sẹ́ rárá) tàbí FLAC, ẹ tọ́jú ìyẹn, inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sẹ́ MP3 tẹ́ ẹ máa pín. Kódà sípíkà Bluetooth, fóònù sábà máa ń tún orin sẹ́ kó tó fi ránṣẹ́ sí i, torí náà wáyà ṣì dáa jàre.

"Dídì" ní tiẹ̀, omi dídì ti gbà á. "Ìyára" ló tiẹ̀ burú jù, orin 320 ò yára ju ti 128 lọ, ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n fi ń parí. "Ìwọ̀n" lásán ti tó.

Ẹ̀yin ará Òmù-Àrán àti gbogbo Ìgbómìnà, ṣé asẹ́ náà lẹ̀ ń pè é lọ́dọ̀ yín, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ míì tó dáa ju èyí lọ?