Ata, tòmátì, ilá, ewédú, tẹ̀tẹ̀: èwo la lè bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dé?

Ẹlẹ́fọ̀ọ́Ṣágámù:
Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ o, ẹ̀yin ọlọ́gbà. Oṣù kejì ti dé ìdajì, ọyẹ́ ti ń lọ, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣì le koko. Ilẹ̀ pupa ni, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó fẹ̀ ní 15, ní Ṣágámù níbí. Kànga wà, omi rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò gbẹ. Ata rodo ni mo fẹ́ gbìn, pẹ̀lú tòmátì díẹ̀, ilá, ewédú àti tẹ̀tẹ̀. Èwo ni kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí, èwo ni kí n fi de òjò? Mo tún rí ìgbẹ́ adìyẹ gbà, tútù ni, ó ń rùn gan-an. Ṣé kí n dà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Tata sì kún inú Akíntọ́lá, koríko tó hù di igbó lẹ́yìn ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

BàbáÀkùrọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ata ni kí ẹ kọ́kọ́ gbá mú, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an. Ata rodo máa ń lo ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ní nọ́sìrì kó tó ṣeé tú lọ gbìn. Bí ẹ bá gbìn ín báyìí, ìparí oṣù kẹta sí àárín oṣù kẹrin ni yóò tó tú, òjò á sì ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá dúró títí òjò á fi dé kó tó da irúgbìn ata sílẹ̀ ti pàdánù oṣù méjì.

Tòmátì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ti tó. Bí ẹ bá gbin òun àti ata lọ́jọ́ kan náà, tòmátì á ga jù ní nọ́sìrì, ọrùn rẹ̀ á sì di tẹ́ẹ́rẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni kí ẹ gbìn ín, kí ẹ má sì jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Tí òjò ńlá oṣù kẹfà bá bá a lórí èso, àrùn ojú ewé á bò ó, àrùn mìíràn tó ń mú igi tòmátì rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù á sì máa pa á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nọ́sìrì náà kò gba owó. Ẹ wá báfù àlòkù, kí ẹ dá ihò sí i nídìí. Ilẹ̀ òkè dúdú ọ̀nà méjì, yanrìn ọ̀nà kan: ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ fi omi rin wọ́n, ẹ kó wọn sínú garawa irin àtijọ́, kí ẹ gbé e ka iná. Ẹ ki ẹyọ ànàmọ́ kékeré kan sáàárín rẹ̀. Bí ànàmọ́ bá jinná, ilẹ̀ ti gbóná tó láti pa ohun tó ń jẹ gbòǹgbò. Nígbà tó bá tutù tán, ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ ọ̀nà kan mọ́ ọn, èyí tó ti jẹrà dáadáa, kì í ṣe tútù.

Ẹ fa ìlà tó fi ínṣì 2 jìnnà síra. Irúgbìn kò gbọ́dọ̀ jìn ju ìdajì èékánná lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú rẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ keje. Ọjọ́ tí orí àkọ́kọ́ bá yọ ni kí ẹ ká koríko kúrò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ìkẹta, wọ́n á gùn bí okùn ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòji sókè rẹ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín. Bí ilẹ̀ bá rin gbìndìn sùn mọ́jú, ìdí igi ata á dúdú níbi tó ti kan ilẹ̀, á fún pinpin, á wó lulẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan bẹ́ẹ̀, ẹ bu òun àti ilẹ̀ ìdí rẹ̀ dà nù, ẹ dá omi dúró kí ojú ilẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fa díẹ̀ tu níbi tí wọ́n bá ti há. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tú wọn, ẹ máa ṣí ìbòji díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dín omi kù.

Ní ti ilá, ewédú àti tẹ̀tẹ̀, ẹ fi wọ́n de òjò.

ÌyáOlóko_Ìkẹ́nnẹ́:
Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn pé kí tẹ̀tẹ̀ dúró. Ẹni tó ní kànga lè jẹ tẹ̀tẹ̀ kí oṣù kẹta tó parí, àkókò yìí gan-an ni ẹ̀fọ́ sì ń wọ́n lọ́jà. Ebè nìkan ni kí wọ́n yí padà. Ebè gíga ti àkókò òjò kò dára báyìí, omi á máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ebè rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ní ínṣì 3, kí omi lè dúró. Bí òjò bá ti wá délẹ̀, ẹ kó ilẹ̀ padà sókè.

Ebè tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó gùn ní 10, yóò mu nǹkan bíi lítà 20 lóòjọ́. Ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ṣíbí tíì kan tó o. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ agolo mílíìkì mẹ́ta kó má baà ṣù jọ, ẹ fọ́n ọn, kí ẹ fi ọwọ́ ra ilẹ̀ lé e fẹ́ẹ́rẹ́. Èèrà máa ń kó o lọ, nítorí náà ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ ebè wò lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ ti ń fà á tu.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù yẹn, ẹ má dà á sí ìdí ohunkóhun. Atẹ́gùn olóòórùn tó ń jáde lára rẹ̀, tó ń ta ni nímú, òun ló ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ sábẹ́ ìbòji, ẹ po ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó mọ́ ọn, ẹ wọ́n omi sí i títí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló máa jáde. Ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó bá ń rùn bí ilẹ̀ lásán, tí kò gbóná mọ́, ó ti ṣeé lò. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6. Èyí tó bá ti gbẹ, tó ti jẹrà, rọ́bà pénǹtì lítà 20 kan tó fún ebè tí mo sọ yẹn.

Ilẹ̀ pupa wa fẹ́ràn eérú, ṣùgbọ́n ẹ má da eérú àti ìgbẹ́ adìyẹ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Eérú ń lé agbára inú ìgbẹ́ náà jáde sínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 sáàárín wọn.

ỌdẹTata:
Tata yẹn kò ṣeé fojú di. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ni ẹyin rẹ̀ ń pa, ó ń hu ìyẹ́ ní àkókò yìí, kò sì ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin sínú ilẹ̀. Abẹ́ ìbòji Akíntọ́lá gan-an ni wọ́n máa ń péjọ sí láti yé e. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣù jọ, ẹ fi igi sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, ẹ fi ọkọ́ yí ilẹ̀ ibẹ̀ sókè, kí oòrùn lu ẹyin náà tàbí kí adìyẹ ṣà á jẹ. Ẹ ṣá Akíntọ́lá náà pẹ̀lú.

Àwọn tó wà níta báyìí, òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ máa ṣà wọ́n sínú omi ọṣẹ, nígbà tí òtútù kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè fò. Bí ẹ bá fẹ́ fín nǹkan, ẹ gún ewé dóńgóyárò kìlò kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 5 mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, oòrùn máa ń pa agbára rẹ̀.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́Ṣágámù:
Ẹ ṣeun púpọ̀ o. Bí òjò bá wá rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́, ṣé kí n gbin ilá? Ewédú ńkọ́, tó jẹ́ pé ìdá kékeré nínú rẹ̀ ló máa ń hù?

BàbáÀkùrọ̀:
Rárá, àǹtí. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tún lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Irúgbìn á hù, oòrùn á sì yan án. Ẹ fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì òjò. Bí ọ̀rinrin kò bá tíì dé ínṣì 6 nísàlẹ̀, ẹ ní sùúrù di òjò kejì tàbí ìkẹta.

Ilá, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ gbin hóró 2 sí 3 sínú ihò kan, ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ihò, méjì láàárín ìlà. Tó bá hù, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀. Irú ilá tí wọ́n ń pè ní NHAe 47-4, èyí tí NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba lórí èso àti ẹ̀fọ́ n'Ìbàdàn, ṣe, dára, ó sì ń tètè so. Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní lójú ewé rẹ̀, kòkòrò kékeré tó ń ta pọ́n-ún ni. Ẹ ku eérú sí i láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé.

Ewédú, èèpo rẹ̀ ló le tí omi kò fi wọ inú rẹ̀. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ sọ omi híhó kalẹ̀ lórí iná, kí ẹ ri í bọ̀ ọ́, ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, ẹ fà á yọ. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò jinná. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji kó gbẹ, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì.