Mo fẹ́ kí irinṣẹ́ tó ń so PRG pọ̀ máa gba XEX ti Atari náà

Olósùnta64 (Ìkẹ́rẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Irinṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fi C kọ. Ó máa ń gba fáìlì PRG ti Commodore 64 mélòó kan, á sì so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́. Báìtì méjì tó ṣáájú nínú PRG ni àdírẹ́sì, ìyẹn ibi tó máa wọlé sí nínú ìrántí ẹ̀rọ. Mo máa ń kà á, màá wá da ìyókù sínú àpò 64K níbi tí àdírẹ́sì yẹn bá ní kó wà. Bí gbogbo wọn bá ti wọlé tán, mo máa ń kọ gbogbo ohun tó wà láti àdírẹ́sì tó kéré jù dé èyí tó ga jù jáde, òdo ló sì máa ń wà nínú àlàfo.

Mo wá fẹ́ kó máa gba XEX, ìyẹn fáìlì ètò ti Atari 8-bit, kó sì lè kọ XEX jáde. Mo ti fi kóòdù kún un, ṣùgbọ́n fáìlì tí kóòdù rẹ̀ wà láti $2000 dé $3FFF (àmì $ ń sọ pé nọ́ḿbà hex ni), ìyẹn 8192 báìtì péré, ń jáde ní 15654 báìtì. Bí mo bá sì gbé e wọlé láti inú DOS (ètò tó ń ka fáìlì láti inú dísìkì) lórí emulator (ètò tó ń ṣe bíi Atari gidi), á kàn dákẹ́ sí ààrin ọ̀nà ni. Kò ní sọ pé ohun kan ṣe òun. Kí ni mo ṣe ṣì?

Alágbẹ̀dẹ_Adó

Àbúrò, 15654 yẹn ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Yọ báìtì 6 ti orí fáìlì kúrò, ó ku 15648, ìyẹn $3D20. Yọ $3D20 kúrò nínú $4000, $02E0 ló kù. Ibẹ̀ gan-an ni RUNAD wà, àyè tí àdírẹ́sì ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ máa ń wà.

XEX kì í sọ ibi tí iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí orí fáìlì. Ńṣe ló máa ń fi ìpín kékeré kan kọ àdírẹ́sì náà sí $02E0 àti $02E1. DOS á kà á níbẹ̀ lẹ́yìn tí fáìlì bá wọlé tán. Irinṣẹ́ rẹ ka ìpín yẹn sí kóòdù bíi ti ìyókù, ó wá gbà pé $02E0 ni àdírẹ́sì tó kéré jù. Ó fi òdo dí gbogbo ohun tó wà láàárín ibẹ̀ sí $2000.

Wo ohun tí òdo wọ̀nyẹn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀: MEMLO (tó ń sọ ibi tí ìrántí òfìfo ti bẹ̀rẹ̀) ní $02E7, HATABS (tábìlì àwọn ohun èlò tó so mọ́ ẹ̀rọ) ní $031A, àwọn IOCB (tí ẹ̀rọ fi ń kà tó sì fi ń kọ fáìlì) láti $0340, àti DOS fúnra rẹ̀ láti $0700. Kí fáìlì náà tó dé $2000, DOS tó ń kà á ti parẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Fáìlì tó kéré jù tí o lè fi dán an wò nìyí, báìtì 18:

`FF FF 00 20 05 20 A9 0F 8D C8 02 60 E0 02 E1 02 00 20`

FF FF ni àmì. 00 20 ni ìbẹ̀rẹ̀ ìpín, $2000, báìtì ìsàlẹ̀ ló ń ṣáájú. 05 20 ni òpin, $2005. Báìtì 6 tó tẹ̀ lé e ni kóòdù: ó fi $0F sí $02C8, tó jẹ́ àwọ̀ etí ojú ẹ̀rọ, ó sì padà. Lẹ́yìn náà ni ìpín kejì láti $02E0 dé $02E1, tó sọ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní $2000. Tẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì lásán, kí o fi `xxd -r -p` sọ ọ́ di báìtì.

Ibi mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú. Òpin tí XEX kọ wà lára ìpín náà, nítorí náà gígùn jẹ́ òpin yọ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, kí o tún fi 1 kún un. Ẹni tó bá gbàgbé 1 yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí ka orí ìpín kejì ní báìtì kan ṣáájú ibi tó yẹ, gbogbo nǹkan á sì daru láti ibẹ̀. FF FF pọn dandan ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì nìkan, ṣùgbọ́n ó lè tún yọjú ṣáájú ìpín èyíkéyìí, kàn fò ó. Ẹ̀kẹta, má fi uint16_t ṣe òǹkà:

```
uint32_t ibere, opin, a;
ibere = ka16(f);
while (ibere == 0xFFFF) ibere = ka16(f);
opin = ka16(f);
if (opin < ibere) return ASISE;
for (a = ibere; a <= opin; a++) apo[a] = ka8(f);
```

Bí `a` bá jẹ́ bíìtì 16, tí òpin sì jẹ́ $FFFF, á yípo padà sí 0, kò sì ní jáde mọ́ láéláé. Rí i pé `ka16` àti `ka8` lè sọ fún ọ pé fáìlì ti tán. Ìpín tó gé sí méjì kò yẹ kó kọjá láìsí ariwo.

Ẹ̀fọ̀n6502

Bó bá jẹ́ XEX sí XEX nìkan ni, kí ló dé tí a ń da ara wa láàmú? `cat kin-in-ni.xex keji.xex > gbogbo.xex`, ó parí. FF FF tó bá wà láàárín kò ṣe DOS ní nǹkan kan.

Alágbẹ̀dẹ_Adó

Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ bí fáìlì méjèèjì bá ní RUNAD, èyí tó kẹ́yìn ló máa borí, ẹni tó sì to fáìlì rẹ̀ ní òdì á máa wá ohun tí kò sọnù. `cat` kò sì lè da PRG mọ́ XEX. Irinṣẹ́ ọmọ yìí ṣì wúlò.

Ará_Ìkọ̀lé

Ẹ jẹ́ kí n fi INITAD (tàbí INIT ní kúkúrú) kún un, torí òun ló máa dá wàhálà sílẹ̀ lọ́la. $02E2 àti $02E3 ni. Bí ìpín kan bá kọ nǹkan síbẹ̀, DOS á dúró lójú ẹsẹ̀, á sáré lọ ṣe iṣẹ́ tó wà ní àdírẹ́sì yẹn, kó tó padà wá ka ìpín tó kù. XEX kan lè ní INIT márùn-ún. Wọ́n máa ń fi gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ nígbà tí ìyókù ń wọlé, tàbí kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìrántí ẹ̀rọ tó.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn Atari XL àti XE. Ìpín kan á wọlé sí $4000, INIT á fi bíìtì 0 ti PORTB, $D301, pa ROM ti OS (ìrántí àìyípadà tó gbé ètò ẹ̀rọ dání), á kó data náà lọ sí abẹ́ ROM, á tún ROM tàn, ìpín mìíràn á sì tún wọlé sí $4000 kan náà. Bí o bá da irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sínú àpò 64K kan, ti ìkejì ti bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. A kì í da ọbẹ̀ sínú odó kí iyán tó gún tán. Gbogbo Èkìtì ló mọ ìyẹn.

Nítorí náà, má jẹ́ kí apá tó ń ka XEX máa kọ sínú àpò tààrà. Jẹ́ kó dá àkójọ ìpín padà: ìbẹ̀rẹ̀, gígùn, data, àti àmì kan tó sọ bóyá INIT wà lẹ́yìn rẹ̀. Fi RUNAD sí àyè tirẹ̀, kó má wọ inú àkójọ rárá. PRG náà á dá àkójọ padà, ìpín kan ṣoṣo. Apá tó ń kọ fáìlì jáde ló máa wá pinnu. Bó bá ń kọ XEX, kó tọ́jú ètò ìpín bó ṣe wà, kó so ìpín méjì pọ̀ kìkì bí wọ́n bá fara kanra tí INIT kò sì sí láàárín wọn. Bó bá ń kọ PRG, tí ó sì rí INIT, kó kọ̀, kó sì sọ ìdí.

Má ṣe yẹ̀ ẹ́ wò pé «ṣé ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ $02E2». Àwọn kan máa ń kọ RUNAD àti INITAD papọ̀ nínú ìpín kan, `E0 02 E3 02` àti báìtì 4. Wo báìtì kọ̀ọ̀kan tó bọ́ sáàárín $02E0 àti $02E3.

Olósùnta64 (Ìkẹ́rẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti ń jáde ní 8204 báìtì báyìí: 6, 8192, àti 6 fún RUNAD. Ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣé kí irinṣẹ́ máa dá irú fáìlì mọ̀ fúnra rẹ̀, àbí kí ẹni tó ń lò ó máa sọ ọ́?

Ẹ̀fọ̀n6502

Wo FF FF ṣáájú. PRG tó bá bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ pé òun fẹ́ wọlé sí $FFFF, níbi tí báìtì kan ṣoṣo lè gbà, kò sẹ́ni tó ń ṣe irú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wo P00, ìyẹn PRG tí wọ́n fi orí mìíràn bò: ọ̀rọ̀ `C64File` àti òdo kan ló wà níwájú rẹ̀, orí rẹ̀ sì jẹ́ báìtì 26, PRG gidi ló tẹ̀ lé e. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n yàtọ̀, lẹ́tà C àti 6 á di àdírẹ́sì $3643, fáìlì á wọlé síbẹ̀ wẹ́rẹ́, o ò sì ní mọ̀. Ohun tó bá kù ni PRG.

DECB, irú fáìlì ti CoCo (Color Computer ti Tandy), ńkọ́? Má gbìyànjú àtimọ̀ ọ́n. 00 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, PRG tó ń lọ sí $C000 náà 00 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ `--iru=decb` tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀.

Ẹ̀yìn fáìlì náà léwu. Èyí tó bá gba XMODEM (ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń fi fáìlì ránṣẹ́) kọjá ni wọ́n ti máa ń fi 1A tàbí 00 dí kó lè pé ìlọ́po 128. Báìtì 5 ti 1A túmọ̀ sí ìpín láti $1A1A dé $1A1A, báìtì kan, ó sì tọ̀nà pátápátá lójú irinṣẹ́ rẹ! Òdo márùn-ún á kọ sí $0000. Bí gbogbo ìyókù fáìlì bá jẹ́ báìtì kan náà, 1A tàbí 00, tí kò sì tó 128, dúró níbẹ̀ kí o sì kìlọ̀. Lórí Windows, `"rb"` ni kí o fi ṣí fáìlì. Bí o bá lo `"r"`, 1A àkọ́kọ́ tó bá pàdé, á gbà pé fáìlì ti tán.

Olósùnta64 (Ìkẹ́rẹ́)

Ó yé mi. Ó ku ẹyọ kan: bí ìpín méjì bá gbẹ́sẹ̀ lé ibì kan náà, tí INIT kò sì sí? Tẹ́lẹ̀, àṣìṣe ni mò ń kà á sí fún PRG.

Alágbẹ̀dẹ_Adó

Nínú fáìlì kan náà, jẹ́ kó kọjá, èyí tó kẹ́yìn ló ń borí. Bí DOS náà ṣe máa ṣe é nìyẹn. Láàárín fáìlì méjì, dá iṣẹ́ dúró. Tọ́jú tábìlì 65536 tó ń sọ fáìlì tó ni báìtì kọ̀ọ̀kan, 0 fún òfìfo. Uint8_t tó bí fáìlì kò bá ju 255 lọ. Kọ orúkọ fáìlì méjèèjì jáde, pẹ̀lú àdírẹ́sì tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn níbi tí wọ́n ti kọlu ara wọn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kó lo `--bori`.