Dídi olùkọ́ ní ọmọ ọdún 38

Ìbéèrè (Ilé-Ifẹ̀): Ẹ kú iṣẹ́ o. Páànù àti ìṣó ni mo ń tà ní Lágere, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí dìgírì kẹ́mísírì wà nínú àpótí mi. Ṣé kò ti pẹ́ jù láti di olùkọ́?

Ìdáhùn (Iléṣà): Kò pẹ́ rárá, ẹ̀gbọ́n. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 fi ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì ní 60 (ẹ ṣáà wádìí bóyá ìpínlẹ̀ yín ti tẹ́wọ́ gbà á), ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba PGDE (ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti ní dìgírì mìíràn) kí TRCN (àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà) lè forúkọ yín sílẹ̀.

Ìdáhùn kejì: Owó oṣù ilé ìwé aládàáni kéré púpọ̀. Ẹ má tíì ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa. Ẹ fi ẹni tí yóò máa wọn ìṣó fún oníbàárà síbẹ̀.