Mo fẹ́ fi irin kọ́ katapílà oní-rìmóòtù tó ń lo epo haidirọ́líìkì gidi: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Onírin_Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ katapílà ni mo gbé wá. Kì í ṣe èyí tí à ń fi páálí àti síríńjì ṣe ní iléèwé, tí omi ń gbé apá rẹ̀ sókè. Irin pọ́ńbélé ni mo fẹ́ fi ṣe é, kí epo máa ti sìlíńdà, kí n sì máa fi rìmóòtù darí rẹ̀. Komatsu PC200 ni mo fẹ́ wò kọ́, nítorí òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ gọ́tà ládùúgbò wa. Awakọ̀ rẹ̀ gbà mí láàyè kí n wọn búùmù (apá ńlá tó so mọ́ ara rẹ̀) àti áàmù (apá kejì tó di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú) nígbà tó ń jẹun ọ̀sán. Ìdá kan nínú mẹ́jọ (1:8) ni mo fẹ́ ṣe é. Búùmù tó gùn ní mítà 5.7 yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 71, áàmù yóò sì lé díẹ̀ ní 36.

Mo ní ẹ̀rọ wẹ́dà, mo ní gíráńdà, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ tọ́nà ní Gáàtì sì ti gbà láti bá mi lo léètì rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin roboto. Àmọ́ mi ò mọ bí sìlíńdà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, mi ò sì mọ iye prẹ́ṣọ̀ tí mo nílò. Ẹnì kan ní kí n ra rọ́bà bíréèkì ọkọ̀ ṣe síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jò), pé ó pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Ẹlòmíràn ní kí n fi epo sílẹ̀, kí n fi mótò iná àti ọ̀pá onísíkúrúù gbé apá náà, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Èmi máa mọ̀. Bí katapílà ṣe ń rọra na apá, tí gbogbo ara rẹ̀ ń mì nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá kan òkúta lábẹ́ ilẹ̀, ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.

Mẹ́káníìkì_Owódé:

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Má fi epo sílẹ̀ o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ sọ ọ́. Owódé Onírin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, sìlíńdà àti pọ́ǹpù katapílà ni mò ń tú láti àárọ̀ dalẹ́. Mo sì ní kékeré kan nílé tí mo kọ́ fúnra mi, 1:8 bíi tìrẹ. Ohun tí ọwọ́ mi ti kàn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ.

Ṣe ìṣirò kó o tó gé irin. PC200 gidi wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 20. Gígùn rẹ̀ ni o ó pín sí mẹ́jọ, ìbú rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, gíga rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. 8 lọ́nà 8 lọ́nà 8 jẹ́ 512. Bó o bá pín kílò 20,000 sí 512, kílò 39 ni. Ṣùgbọ́n ojú písítìnì (irin tó ń rìn nínú sìlíńdà) tí epo ń tì ò ní ìjìn, ìbú méjì ló ní, 8 lọ́nà 8, ìyẹn 64. O rí i? Ẹrù ti lọ sílẹ̀ nígbà 512, ojú tí epo ń tì lọ sílẹ̀ nígbà 64 péré. Prẹ́ṣọ̀ tó o nílò yóò wá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ti gidi. Bar ni a fi ń wọn prẹ́ṣọ̀. Ti gidi ń lo nǹkan bíi bar 350, tìrẹ ò ní ju bar 44 lọ. Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí ju ohunkóhun lọ nínú iṣẹ́ yìí, torí òun ló jẹ́ kó ṣeé ṣe nílé. Epo tó bá tú jáde lórí bar 350 lè gún awọ ara èèyàn wọlé. Bar 30 sí 40, O-ring (síìlì roboto bí òrùka) àti páìpù irin bíréèkì tí wọ́n ń tà ní gbogbo ọjà lè gbà á.

Ihò sìlíńdà búùmù PC200 fẹ̀ tó mílímítà 120. Tìrẹ yẹ kó jẹ́ 15, àmọ́ lo 16 kó lè bá O-ring ọjà mu. Lórí bar 30, sìlíńdà mílímítà 16 kan yóò fi agbára bíi kílò 60 tì. Méjì ló wà lábẹ́ búùmù, 120 nìyẹn. Ṣé ó tó? Bọ́kẹ́ẹ̀tì gidi ń gba kúbíìkì mítà 0.8, tìrẹ yóò gba nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀, iyanrìn tútù inú rẹ̀ lè wúwo tó kílò mẹ́ta. Na apá náà tán pátápátá, kó lé ní mítà kan síwájú, kó o wá fi ìwọ̀n irin búùmù, áàmù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kún un. Torí pé ìdí búùmù ni sìlíńdà ti ń tì, ẹrù tó máa bọ́ sí i lórí máa súnmọ́ kílò 80. Ó tó, ó sì ṣẹ́ kù. Àmọ́ bó o bá lo pléètì tó nípọn jù torí pé òun ló wà nílẹ̀, àṣẹ́kù yẹn á lọ. Mílímítà 2 tó fún ẹ̀gbẹ́ búùmù. Fi wẹ́dà jó o pọ̀ ní kékeré kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó má bàa lọ́.

Ọ̀pá sìlíńdà ńkọ́? Lọ bá àwọn tó ń ta ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ tó ń gbé bùútù ọkọ̀ dúró, ní Ládípọ̀. Ọ̀pá inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílímítà 8 tàbí 10, ó dán, ó le, kò sí bí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe lè fi léètì ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ níbí: náítírójìn tí wọ́n fún pọ̀ gidigidi ló wà nínú rẹ̀. O ò gbọ́dọ̀ fi gíráńdà gé e kó o tó tú gáàsì yẹn sílẹ̀. Jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ wà níta tán, fi fáìsì dì í mú, wọ gíláàsì ojú, fi aṣọ tó nípọn bo ibi tó o fẹ́ lu, kó o wá fi díríìlì mílímítà 2 rọra lu ìdí rẹ̀, níbi tó jìnnà sí ọ̀pá. Á súfèé, epo díẹ̀ á tú jáde. Dúró títí ó fi máa dákẹ́ pátápátá.

Rọ́bà bíréèkì, rárá. Epo bíréèkì àti epo haidirọ́líìkì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Irú rọ́bà kan tó ń jẹ́ EPDM ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rọ́bà bíréèkì. Bí epo haidirọ́líìkì bá kàn án, á wú, á rọ̀, písítìnì á sì há. O-ring tí wọ́n fi rọ́bà NBR ṣe ni kó o béèrè. Kí tọ́nà gé ojú ibùjókòó rẹ̀ kó lè tẹ O-ring náà mọ́ra ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sísanra rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, sìlíńdà á máa fo bíńtín bíńtín dípò kó máa yọ́. Epo haidirọ́líìkì ISO 32 ni kó o rọ sínú rẹ̀.

Búùmù nìkan ni kó o kọ́kọ́ kọ́. Dè é mọ́ tábìlì irin, so pọ́ǹpù mọ́ ọn, gbé iyanrìn. Má tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀, má tíì fọwọ́ kan ilé awakọ̀. Mo ti rí àwọn èèyàn tó kọ́kọ́ kun katapílà wọn ní ọ̀dà yẹ́lò, tí apá rẹ̀ ò sì gbé nǹkan kan títí dòní.

Ẹ̀gbá_ní_Leeds:

Ẹ̀gbọ́n Owódé, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi ti pọ́ǹpù àti rìmóòtù kún un.

Gígùn tí ọ̀pá sìlíńdà búùmù máa rìn lórí 1:8 máa tó nǹkan bíi mílímítà 167. Sìlíńdà méjèèjì á gba epo tó mílílítà 67. Bó o bá fẹ́ kí búùmù gòkè tán ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ fún ẹ ní nǹkan bíi lítà 0.8 ní ìṣẹ́jú kan. Pọ́ǹpù oní-gíà tó ń ti epo mílílítà 0.25 (0.25 cc) nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí, tó ń yí nígbà 3,500 ní ìṣẹ́jú kan, á ṣe é, ó sì máa fi díẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó bá jò padà. Agbára tí epo náà gbé ò ju wáàtì 40 lọ lórí bar 30. Fi ohun tó ń ṣòfò nínú pọ́ǹpù àti mótò kún un, kó o pè é ní 70. Bátìrì UPS, 12V 7Ah, méjì tó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní kílò méjì, torí náà ẹ̀yìn gan-an ni kó o gbé wọn sí, kí wọ́n lè bá ẹ dá ìwọ̀n apá padà. Katapílà gidi náà ní irin wúwo lẹ́yìn fún ìdí kan náà.

Fáfù, èyí tó ń darí epo lọ sí sìlíńdà, ló le jù. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá fáfù àti ihò rẹ̀ kéré débi pé ojú ò lè rí i. Àwọn ará Jámánì ti ń ṣe irú rẹ̀ fún katapílà kékeré tipẹ́, Leimbach wà lára wọn, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Bó o bá máa ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, fáfù ni kó o náwó lé. Servo kan, ìyẹn mótò kékeré tó ń gba àṣẹ rìmóòtù, máa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Rìmóòtù rẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ojú ọ̀nà (channel) méje, ọ̀kan fún ohun kọ̀ọ̀kan tó ń darí: búùmù, áàmù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, yíyí ara, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, pọ́ǹpù. FlySky FS-i6X ní mẹ́wàá, kò sì wọ́n. Ṣètò rẹ̀ kí pọ́ǹpù máa sáré kìkì nígbà tó o bá ti ọ̀pá ìdarí kan. Ohùn rẹ̀ á yí padà bí ẹrù ṣe ń wúwo sí i, wàá gbádùn rẹ̀ gan-an.

Fún ẹsẹ̀ àti yíyí ara, má jà pẹ̀lú epo. Katapílà gidi ní ihò olóríṣiríṣi láàárín gbùngbùn tí epo ń gbà kọjá sísàlẹ̀ bí ara ṣe ń yí, iṣẹ́ ńlá ni láti ṣe é ní kékeré. Mótò wáípà ọkọ̀ lè yí ẹsẹ̀ katapílà kílò 39 láìṣòro.

Ọmọ_Ṣágámù:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Mo ní èmi náà ní ìbéèrè kan, kí ẹ dákun má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi ti ń gbé iyanrìn, fáfù mi ni mo ṣe fúnra mi pẹ̀lú idẹ. Àmọ́ bí mo bá gbé búùmù sókè tí mo sì fi ọwọ́ kúrò lórí rìmóòtù, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí bọ́kẹ́ẹ̀tì fi máa kan ilẹ̀. Àwọn kan ní síìlì ni, àwọn kan ní fáfù ni. Mi ò fẹ́ tú sìlíńdà tó dára.

Mẹ́káníìkì_Owódé:

Má tú nǹkan kan. Bí a ṣe ń ṣe é fún katapílà gidi ni kó o ṣe é, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé tìrẹ ò ní pa ẹnikẹ́ni bó bá já.

Gbé búùmù sókè pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, fi igi tì í nísàlẹ̀ kó má bàa wó lé ọwọ́ rẹ, pa pọ́ǹpù. Tú páìpù tó wà ní apá ọ̀pá sìlíńdà, ìyẹn apá òkè, kó o fi nọ́ọ̀tì dí ẹnu páìpù tó lọ sí fáfù. Fi páìpù ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Nu ihò tó o ṣí sílẹ̀ mọ́ tónítóní, kó o wá rọra yọ igi kúrò. Bí búùmù bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí epo sì ń yọ jáde láti ihò tó o ṣí, písítìnì ló ń jẹ́ kí epo kọjá lára rẹ̀, O-ring lo máa pààrọ̀. Bí búùmù bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí ihò yẹn gbẹ, epo ń gba ìsàlẹ̀ padà sínú fáfù ni. Sìlíńdà méjì lo ní, ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ fáfù, àlàfo rẹ̀ ti pọ̀ jù, o ò lè lọ̀ ọ́ kó padà fún. Gbẹ́ ọ̀pá fáfù tuntun tó fi díẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, kó o wá fi Brasso lọ̀ ọ́ sínú ihò rẹ̀ títí tó fi máa wọlé pẹ̀lú ìka kan láìmì. Lẹ́yìn náà, fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, kó o sì tún un fọ̀. Ègé irin bíńtín kan péré lè mú kí fáfù há mọ́ ojú ọ̀nà.

Ohun kan ṣì wà, àbúrò mi Ìbàdàn náà kó gbọ́. Bẹ́ ẹ bá ń wá ibi tí epo ti ń jò, páálí ni kẹ́ ẹ gbé kọjá níbẹ̀, kì í ṣe ìka. Ọmọ_Ṣágámù, bó o bá ti ṣe é, kọ ohun tó o rí síbí, kó o sọ ihò tó tú epo àti èyí tó gbẹ, kí n lè sọ O-ring wo ni kó o rà.