"Jò" kọ́ ló kó bá wa, "rọ́bà" ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó ní ká wá orúkọ Yorùbá fún ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń fẹ́ bíi bálúùnù àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ká máa pè é ní "ọkọ̀ afẹ́fẹ́", kí ibi tó bá ti lu máa jẹ́ "ìjò", kí ibi tí ara rẹ̀ ti pàdé máa jẹ́ "ojú ìrán". Mi ò ní pẹ́ lórí àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ "ọkọ̀ afẹ́fẹ́" á rò pé onígbòkun là ń sọ. "Ọkọ̀ àfẹ́wú" tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí kí wọ́n tó fi pọ́ǹpù sí i, ńṣe ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ nílẹ̀.

"Ìjò" wá ńkọ́? Òrùlé ló ń jò, agbè ló ń jò, nǹkan olómi ni ní tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó máa ń ju àwọ̀n ní adágún Eléyẹlé n'Ìbàdàn, èyí tí wọ́n sé odò Ọ̀nà fún lọ́dún 1942, ra àlòkù ọkọ̀ yìí kan, a wá gbé e lọ bá fọkanáísà ní Sángo torí ojoojúmọ́ ló ń rọ̀. Ọkùnrin yẹn po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi nínú kọ́ọ̀pù, ó ń fi kànìnkànìn pa á sára ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kò sí nǹkan, kò sí nǹkan, àfi ìgbà tó dé ẹ̀gbẹ́ kan tí ìfófò kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í wú jáde bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Ó fìka kàn án, ó ní, "Ibí ló ti ń mí." Mo kàn dákẹ́ ni. Omi ò wọlé, omi ò jáde, èémí ló ń bọ́! Torí náà "ojú ìmí" ni mo mú wá o.

Ẹ má sì pe gbogbo rírọ̀ ní ìmí. Atẹ́gùn tó bá gbóná á fẹ̀, tó bá tutù á sún kì, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó le koránkorán lọ́sàn-án fi lè rọ̀ díẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́ láìní ihò kankan. Àwọn kan á wá máa wá ihò tí kò sí.

"Ojú ìrán" ò bá a mu rárá, abẹ́rẹ́ wo ló fẹ́ kan nǹkan tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí? Àwọn kan ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, àwọn kan ni wọ́n fi iná jó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní "ojú ìlẹ̀pọ̀" àti "ojú ìjópọ̀", torí èyí tí wọ́n lẹ̀ ni gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń gbó tá á máa ṣí. (Ẹ má yọ "pọ̀" kúrò o, kó má lọ di ojú ilẹ̀.)

Èyí tó ká mi lára gan-an ni "rọ́bà". A sọ fún fọkanáísà pé ọkọ̀ onírọ́bà ni, òun náà bá fi sólúṣọ̀n túùbù lẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ mọ́, pátì náà, ìyẹn ègé tó fi bo ihò, ti ṣí bí ìwé tí wọ́n fi itọ́ lẹ̀. Kò jẹ̀bi. Ike ni ọkọ̀ yẹn, PVC, gọ́ọ̀mù polyurethane ló sì ń gbà, èyí tí wọ́n ń po méjì pọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. Hypalon, tí wọ́n fi ń ṣe àwọn ọkọ̀ mìíràn, tó sì jẹ́ rọ́bà lóòótọ́, ní gọ́ọ̀mù neoprene tiẹ̀. A wá gé pátì mìíràn ní róbótó torí igun ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, a jẹ́ kó fi sẹ̀ǹtímítà 5 kọjá ihò yíká, a fi acetone, omi tó ń mú ọ̀rá kúrò, nu ojú méjèèjì, a fi gọ́ọ̀mù pa wọ́n, a dúró títí tó fi ń lẹ̀ mọ́ ìka ṣùgbọ́n tí kò tutù mọ́, ká tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀ ká sì fi sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tá à ń lò fún nǹkan méjì ló ba iṣẹ́ jẹ́? Ìrẹ́ ṣáà wà, igi tí wọ́n ń fá oje rẹ̀ nínú igbó wa tí wọ́n ń kó o lọ Èkó ní nǹkan bí 1895. Ẹ jẹ́ kí "ìrẹ́" jẹ́ ti rọ́bà gidi, kí "ike" dúró fún PVC.

Ó ku fáàfù. "Imú" ni fọkanáísà yẹn ń pè é, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ da omi ọṣẹ sí. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kó mú un wá.