Báà orin kékeré kan ní Tokyo: bàbá tó ni ín le mọ́ wa, ṣé kí n padà lọ?

Ọmọ Adé, Saitama:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Japan bá mi dá sí i.

Mo fẹ́ràn orin jazz gan-an. Nígbà tí mo dé ibí, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé àwọn ilé kéékèèké kan wà ní Tokyo tó jẹ́ pé àwo orin ni wọ́n ń lù níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èèyàn á ra kọfí tàbí wisikí, á jókòó, á máa gbọ́ orin. Bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi, ṣe lọ sí ọ̀kan nìyẹn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ há débi pé ẹni méjì ò lè ya ara wọn lórí rẹ̀. Àga inú ibẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín, òun nìkan ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀.

A kí i, kò dáhùn. Ó kàn nawọ́ sí àga méjì ní ìpẹ̀kun káńtà. Ọ̀rẹ́ mi rọra bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, bàbá fi ìka lé ẹnu pé ká dákẹ́. Mo yọ fóònù kí n fi wá orúkọ orin tó ń lọ, ó mirí, ó ní "No." Kò pẹ́ tí òyìnbó mẹ́rin yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá fi apá méjèèjì dábùú ara wọn níwájú àyà, àwọn náà sì pẹ̀yìn dà. Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, a rí owó ìjókòó nínú ìwé owó wa, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò sọ ọ́ fún wa tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n orin yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Sípíkà méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ga dé àyà mi. Bàbá fi aṣọ nu àwo náà yípo, ó wá rọra gbé abẹ́rẹ́ lé e bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹní. Mo gbọ́ bí ẹni tó fẹ́ fun fèrè ṣe mí sínú kí fèrè tó dún. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi.

Ṣé torí àwọ̀ wa ni bàbá yìí ṣe le mọ́ wa bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n padà lọ, àbí kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún un?

Ìyá Ìbejì, Yokohama:

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ará ibí ni ọkọ mi, irú ilé orin bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń lọ, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mi ò rí ọ̀rọ̀ àwọ̀ nínú èyí tó o sọ yìí. Ìwọ náà wò ó: ó dá òyìnbó mẹ́rin padà, ó sì fún ẹ̀yin ní àga. Tí ẹni mẹ́rin tó jọ jáde bá wọ ilé tí àga rẹ̀ ò ju mẹ́jọ lọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ ni dandan. Ohun tó ń sá fún nìyẹn.

Àwọn èèyàn rò pé ilé fàájì ni ilé wọ̀nyẹn, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Jazz kissa ni wọ́n ń pè wọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní Chigusa, ní àdúgbò Noge ní Yokohama wa níbí, ọdún 1933 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba fòfin de jazz pé orin ọ̀tá ni. Nígbà tí ogun parí, àwo tó ń ti Amẹ́ríkà wá wọ́n ju agbára òṣìṣẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ ò sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi lù ú nílé. Ẹni tó bá ti ní owó ife kọfí kan lè jókòó fún wákàtí bíi mélòó kan, kó gbọ́ àwo tí kò lè rà láéláé. Nígbà tí Art Blakey, onílù jazz ará Amẹ́ríkà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣeré ní Japan ní oṣù kìíní ọdún 1961, ìfẹ́ jazz tún wá gbóná sí i, irú ilé bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ káàkiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní òfin pé a kì í sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni bàbá yín dàgbà sí. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ti fóònù yẹn, tó o bá padà lọ, wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń lu àwo. Wọ́n sábà máa ń gbé páálí àwo tó ń lọ lọ́wọ́ dúró síbẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ojú ni wọ́n ní kó o fi kà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham:

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, mà, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn pátápátá. Èèyàn kí ẹ nílé ìtajà rẹ, o ò dáhùn? Owó tí mo fi làágùn, mi ò lè gbé e fún ẹni tí kò fẹ́ rí mi. Báà pọ̀ ní Tokyo. Ní Golden Gai ní Shinjuku nìkan, wọ́n lé ní igba tó wà nínú àwọn ọ̀nà tóóró mẹ́fà. Àbúrò, wá èyí tí wọ́n á ti rẹ́rìn-ín sí ẹ.

Awo Osaka:

Ẹ̀gbọ́n Peckham, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín sì ní ìdí. Àwọn ibì kan wà níbí tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé àwọn ò gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè. Ilé ìwẹ̀ kan ní Otaru ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ ní Sapporo sì dá àwọn tí wọ́n lé dà nù láre ní 2002. Ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù kan yen fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta. Ìyẹn gan-an ni ká máa bínú sí. Ti Ọmọ Adé yìí yàtọ̀: wọ́n fún un ní àga, wọ́n ta ọtí fún un, wọ́n fi orin gidi kẹ́ ẹ. Ẹ̀rín nìkan ni kò rí gbà.

Owó ìjókòó kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ó wọ́pọ̀ ní báà kéékèèké, ó lè jẹ́ nǹkan bí 500 yen, ó lè tó 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé tí àga rẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ, owó yẹn wà lára ohun tí bàbá fi ń san owó ilé. Máa béèrè kó o tó jókòó. Mú owó lọ́wọ́, má gbára lé káàdì. Má fi owó tíìpù sílẹ̀, wọ́n á sáré tẹ̀ lé ẹ láti dá a padà. Tó o bá ti pẹ́ níbẹ̀, tí ife rẹ sì ti gbẹ, ra òmíràn.

Bàbá Àwo, Ìbàdàn:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, inú mi ń dùn. Ọmọ Adé, jẹ́ kí n sọ ohun tó o lè béèrè lọ́wọ́ bàbá yẹn. Solomon Ilori, ọmọ Yorùbá tó lọ sí New York, ṣe àwo kan fún Blue Note, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jazz jáde, ní 1963. African High Life ni wọ́n pè é. Ó kọrin ní Yorùbá lórí àwo ilé iṣẹ́ táwọn ará Japan fẹ́ràn bí ẹ̀mí wọn! Òun náà ló sì wà lórí àwo The African Beat tí Art Blakey ṣe ní 1962. Ẹni tó bá ń kó àwo Blue Note jọ á mọ orúkọ yẹn. Má ṣe mú àwo tìrẹ lọ síbẹ̀ o. Béèrè tirẹ̀.

Ọmọ Adé, Saitama:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ má bínú, màá padà lọ. Bàbá Àwo, mi ò mọ̀ rárá pé ọmọ wa kan wà lórí Blue Note. Ìyá Ìbejì, báwo ni mo ṣe máa béèrè láìjẹ́ pé ó tún fi ìka lé ẹnu sí mi?

Ìyá Ìbejì, Yokohama:

Kọ orúkọ akọrin àti orúkọ àwo sórí ìwé pélébé, kó hàn ketekete. Má ṣe gbé e fún un nígbà tí orin ń lọ. Ojú kan àwo máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ní sùúrù títí yóò fi gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà sórí káńtà, kó o ní "onegai shimasu," ìyẹn "ẹ jọ̀ọ́," ó tán. Bó bá mirí, kò ní in nìyẹn tàbí kò tíì tó àkókò, má bẹ̀ ẹ́. Tó bá lù ú, ojú kan ni yóò lù tán, má ní orin kan ṣoṣo lo fẹ́. Àti pé ìwọ nìkan ni kó o lọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday tàbí Wednesday. Alẹ́ Friday kọ́ o.