Báwo ni a ṣe ń ka ìwé àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ fún ọmọdé?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ìwé ọdún 1969 ti Mercer Mayer, ará Amẹ́ríkà tó máa ń ya àwòrán ìwé ọmọdé, fún ọmọ mi, èyí tí ọmọkùnrin kan àti ajá rẹ̀ ti ń wá àkèré wọn tó sá lọ, ṣùgbọ́n àwòrán nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kí ni kí n máa kà?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ pa á bí àlọ́. Níbi tí ọmọkùnrin náà ti di ìwo àgbọ̀nrín mú, tó ṣebí ẹ̀ka igi ni, ẹ dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ dùn gan-an.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni. Àwọn onímọ̀ èdè pàápàá ń lo ìwé yìí láti mọ bí ọmọdé ṣe ń to ìtàn ní oríṣiríṣi èdè. Ẹ jọ̀wọ́, Yorùbá ni kí ó fi sọ ọ́.